Láti Inú Ìkòkò Ògì dé Clifton Road

Ẹni tó bá ti ṣe ògì rí mọ̀ pé a kì í kánjú sí i. A ó ṣa àgbàdo, a ó fọ̀ ọ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lọ́jọ́ kìíní, kò sí ohun tó yí padà. Tó bá di ọjọ́ kejì, ojú omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó díẹ̀díẹ̀, òórùn rẹ̀ á yàtọ̀, á sì ti máa kan lẹ́nu. Lẹ́yìn tí a bá lọ̀ ọ́ tí a sì sẹ́ ẹ, ògì á lọ jókòó sísàlẹ̀ ìkòkò, omi kíkan á lé sókè. Àwọn ìyá wa kì í kánjú da omi yìí nù. Òun ni wọ́n fi ń rẹ egbòogi, òun náà ni wọ́n sì ń bù fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Kò sí ẹni tó bu ohunkóhun sínú àgbàdo yẹn kó tó kan. Ohun tó mú un kan ti wà lára àgbàdo fúnra rẹ̀, lára ìkòkò, lára ọlọ: bakitéríà, ohun abẹ̀mí tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Bí omi bá ti wọ àgbàdo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n á sì máa tú ásíìdì jáde. Ásíìdì yìí ló ń kan wá lẹ́nu, òun náà ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tó ń mú oúnjẹ jẹrà rí ibi dúró sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Odunfa ti Yunifásítì Ìbàdàn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ògì àti irú, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga yẹn sì ti tọ ọ̀nà kan náà. Orúkọ tó sábà ń jáde jù bí wọ́n bá yẹ ògì wò ni Lactobacillus plantarum.

Ní 1994, D. K. Olukoya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nigerian Institute of Medical Research, ní Yaba, Èkó, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Wọ́n kó Lactobacillus láti inú oúnjẹ, wọ́n yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó lè pa àwọn bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì fi èyí tó yege ṣe ògì tuntun tí wọ́n sọ ní DogiK. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ṣe yìí. Wọn ò sọ pé gbogbo ògì ló ń wo ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n ṣa bakitéríà ni, wọ́n dán an wò, wọ́n mọ èyí tí wọ́n mú. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a gba Atlanta dé ibẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ káàkiri ìlú náà àti agbègbè rẹ̀, ní Stone Mountain, ní Lithonia, ní Lawrenceville. Ògì wà nínú fíríìsà àwọn ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà ibẹ̀. Ìyá tó wá láti ilé wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́mọ lè rẹ àgbàdo sínú ike lẹ́yìn ilé bó ṣe ń rẹ ẹ́ ní Òṣogbo. Bí ìyá yẹn bá wọ ilé ìtajà oògùn, yóò rí odidi àtẹ kan tí wọ́n to ìgò sí, tí wọ́n kọ probiotic sí lára. Bí wọ́n bá ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, yóò gbọ́ Lactobacillus, yóò gbọ́ plantarum. Ìran kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà nínú ìkòkò rẹ̀. Ní 2001, àwọn àjọ àgbáyé FAO àti WHO pe àwọn onímọ̀ jọ, àwọn ni wọ́n sì sọ ohun tó yẹ kí a máa pè ní probiotic: ohun abẹ̀mí àìfojúrí tó ṣì wà láàyè, tí a fún ènìyàn ní ìwọ̀n tó tó, tó sì ṣe ara rẹ̀ lóore. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó gbọ́dọ̀ wà láàyè, ó gbọ́dọ̀ tó, oore rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tí àìsàn inú bá wọ ilé, tí kò sì lọ. Ọmọ ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, dókítà ti fi kámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀, ó ti kọ abẹ́rẹ́ olówó ńlá fún un. Màmá á bi í pé, "Ṣé wọn ò ní jẹ́ kí o mu omi ògì ni? Ṣebí òun náà ni wọ́n dì sínú ìgò yẹn?" Ọmọ ò ní mọ èsì tí yóò fún ìyá rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ó yẹ kí a dáhùn rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ká má sì fi ìkankan bo ìkankan.

Àrùn tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru tí a mọ̀ nílé. Ìyẹn sábà máa ń wá láti inú omi tàbí oúnjẹ tí kòkòrò wọ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó sì ti lọ. Nínú èyí, ètò tó yẹ kó máa dáàbò bo ara ló dojú ìjà kọ ìfun fúnra rẹ̀. Ìfun á wú, á pọ́n, á dá egbò, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Ulcerative colitis kì í kúrò nínú ìfun ńlá. Láti ihò ìdí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ tó ń lọ sókè, awọ inú ló sì ń bó. Crohn lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ó sì lè jẹ ìfun wọnú débi pé ìfun á fún tàbí kó lu. Orúkọ Burrill Crohn ni wọ́n fi pè é, nítorí òun, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer, gbogbo wọn ní ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1932. Kò tíì sí oògùn tó ń mú èyíkéyìí nínú méjèèjì kúrò lára títí láé. Oògùn ń mú un sùn ni. Tó bá ti sùn, iṣẹ́ tó kù ni kí a má jẹ́ kó jí.

Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Clifton Road ní Atlanta, ṣírò pé ní 2015, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ló sọ pé dókítà ti sọ fún àwọn pé àwọn ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ìyẹn ìdá 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ibẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kà á sí àrùn aláwọ̀ funfun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2017, Steven Brant, Subra Kugathasan ti Yunifásítì Emory ní Atlanta, àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde tó tú jíìnì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ní àrùn yìí wò, wọ́n sì rí àwọn ibì kan nínú jíìnì tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìran Áfíríkà nìkan ló ti wá. Ní 2012, O. I. Alatise àti àwọn dókítà mìíràn ti kọ̀wé nípa àwọn tó ní i ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà. Ó wà láàárín wa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń bá ìgbẹ́ jáde, jẹ̀díjẹ̀dí ni a máa ń pè é kíákíá, a ó sì máa mu àgbo jẹ̀dí fún oṣù mẹ́fà, nígbà tí ìfun ń bàjẹ́ lọ. Ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tó ń rù, tí ìgbẹ́ ń jí dìde lóru, kó lọ jẹ́ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú òun.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri ìfun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Nínú ìfun ńlá wa, bakitéríà pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ, wọ́n sì wà níbẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́: wọ́n ń bá wa da oúnjẹ, wọ́n ń ṣe fítámì, wọn ò jẹ́ kí àwọn burúkú ráyè. Ohun tó là wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ wa ò ju ìlà sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ, àti ikun yíyọ̀ tó bo ìlà yẹn. Bí ikun náà bá fẹ́lẹ́, bakitéríà á sún mọ́ ògiri. Bí ògiri bá lanu, wọ́n á wọlé. Bí wọ́n bá wọlé, ètò ààbò ara á bínú.

Ní àárín ìlú Atlanta, ní Yunifásítì Georgia State, Benoit Chassaing àti Andrew Gewirtz wo ohun tó lè mú kí ikun yẹn fẹ́lẹ́. Wọ́n mú ohun méjì tí àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ fi ń pa omi àti òróró pọ̀, carboxymethylcellulose àti polysorbate 80. Irú wọn wà nínú áísìkirimù àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ inú páálí. Wọ́n bù ú díẹ̀ sínú omi tí eku ń mu, fún ọ̀sẹ̀ 12. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé Nature ní 2015, bakitéríà inú eku náà ti yí padà, wọ́n ti wọnú ikun lọ sún mọ́ ògiri, ìfun ti ń wú díẹ̀díẹ̀, eku náà sì ti ń sanra. Eku tí àbùdá rẹ̀ ti fẹ́ ní àrùn ìfun tẹ́lẹ̀ wá ní i gan-an. Ṣùgbọ́n eku tí wọ́n tọ́ láìsí bakitéríà kankan nínú ara rẹ̀, tó mu omi kan náà, kò sí ohun tó ṣe é. Bakitéríà ni ohun náà kọ́kọ́ bà jẹ́. Ní 2022, wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde lórí ènìyàn 16 tí ara wọn le. Méje nínú wọn jẹ carboxymethylcellulose gíráàmù 15 lójúmọ́ fún ọjọ́ 11, bakitéríà inú ìfun wọn yí padà, nínú díẹ̀ lára wọn ó sì sún mọ́ ògiri.

Àwa tí a ṣí láti Nàìjíríà lọ sí Georgia, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Ní 2010, Carlotta De Filippo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìgbẹ́ àwọn ọmọ abúlé Boulpon ní Burkina Faso wé ti àwọn ọmọ ìlú Florence ní Ítálì. Àwọn ọmọ Boulpon, tó ń jẹ jéró, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ewébẹ̀, ní bakitéríà tó mọ bí a ṣe ń da fáíbà, èyí tí kò sí nínú àwọn ti Florence. Ní Minnesota, ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lórí àwọn obìnrin tó ṣí láti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà wá sí Amẹ́ríkà fi hàn pé bí wọ́n ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ni irú bakitéríà ilé wọn ń dín kù. Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún àwọn ará wa pé ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ilá ṣe pàtàkì ju ìgò kápúsù lọ fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti fún nítorí Crohn gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà ná, torí fáíbà lè há sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Clifton Road. Emory wà níbẹ̀, òun àti CDC jọ múlé gbera ni. Níbẹ̀ ni Andrew Neish àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti béèrè ohun kan tó dùn mọ́ mi púpọ̀. Bí bakitéríà bá pọ̀ tó báyìí nínú ìfun, kí ló dé tí ìfun gbogbo wa kì í wú? Ta ló ń sọ fún ètò ààbò pé kó fara balẹ̀? Nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní NF-κB. Òun ló ń pariwo pé ọ̀tá dé. Ní ọjọ́ àlàáfíà, ohun mìíràn tó ń jẹ́ IκB-α dì í mú, kò jẹ́ kó lanu. Bí sẹ́ẹ̀lì bá rí ewu, á fi àmì sára IκB-α, wọ́n á wó o palẹ̀, NF-κB á sì bọ́. Ohun tí Neish àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú ìwé Science ní 2000 ni pé àwọn bakitéríà kan tí kì í ṣeni ní ibi kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì fi àmì yẹn sára IκB-α. IκB-α dúró síbi tó wà, ariwo ò ta. Bakitéríà ló ń bá sẹ́ẹ̀lì wa sọ̀rọ̀.

Wọ́n tọ ọ̀nà náà síwájú, wọ́n sì rí i pé Lactobacillus rhamnosus GG náà lè ṣe é. Ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ìfun tú oríṣi ọ̀sígíìnì kan jáde ní ìwọ̀n kékeré. Bí ohun náà bá pọ̀, á jó sẹ́ẹ̀lì. Bó bá mọ níwọ̀n, iṣẹ́ ońṣẹ́ ló ń jẹ́. Ní 2013, Rheinallt Jones, Neish àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí jáde nínú The EMBO Journal. Kantíkantí, irú èyí tó máa ń bo èso tó ti ń rà, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ṣe é lára eku pẹ̀lú. Wọ́n fún wọn ní Lactobacillus mu. Sẹ́ẹ̀lì ìfun tú ọ̀sígíìnì yẹn jáde, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun fún ògiri ìfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n fún kantíkantí ni Lactobacillus plantarum. Ìran tó wà nínú ògì wa nìyẹn, tó ń bá ìfun kòkòrò kékeré kan tún ògiri ṣe ní Atlanta. Mo ka ìwádìí yẹn, ọkàn mi kún. Ohun tí àwọn ìyá wa tọ́jú láìmọ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Ṣùgbọ́n kantíkantí kì í ṣe ènìyàn, eku náà kì í ṣe ènìyàn. Ibi tí a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nìyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ó ti ṣiṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1917, Alfred Nissle, dókítà ní Freiburg ní Jámánì, mú bakitéríà kan láti inú ìgbẹ́ sójà kan tí inú rẹ̀ ò bàjẹ́ nígbà tí ti àwọn tó yí i ká ń bàjẹ́. Escherichia coli ni. Ní 2004, Wolfgang Kruis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 327 tó ní ulcerative colitis tó ti sùn. Wọ́n fún àwọn kan ní bakitéríà Nissle, wọ́n fún àwọn yòókù ní mesalazine, oògùn tí gbogbo dókítà mọ̀, fún ọdún kan. Nínú àwọn tó lo tiwọn bó ṣe yẹ títí dópin, àrùn náà jí lára ìdá 36.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó mu bakitéríà, ó sì jí lára ìdá 33.9 àwọn tó lo mesalazine. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Fún bakitéríà tó ti inú ìgbẹ́ sójà wá, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní Bologna ní Ítálì, Paolo Gionchetti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn tí wọ́n ti gé ìfun ńlá wọn kúrò nítorí ulcerative colitis, tí oníṣẹ́ abẹ sì ti fi ìfun kékeré ṣe àpò fún wọn dípò rẹ̀. Àpò náà máa ń wú lára àwọn kan. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2000, wọ́n fún ènìyàn 20 tí tiwọn ti sùn ní àpapọ̀ ẹ̀yà bakitéríà mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní VSL#3, wọ́n fún 20 mìíràn ní ohun tó jọ ọ́ tí kò sí bakitéríà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, wíwú náà ti jí lára gbogbo 20 tí kò gba bakitéríà. Nínú àwọn tó gbà á, mẹ́ta péré ni.

Wàyí o, ẹ wo Crohn. Lactobacillus GG tó ń fa ariwo sẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ ní Emory, òun kan náà ni Athos Bousvaros àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọdé tó ní Crohn tó ti sùn. Ọmọ 75 ló wà nínú ìwádìí náà, tó jáde ní 2005. Àrùn náà jí lára ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba bakitéríà, ó sì jí lára ìdá 17 àwọn tí kò gbà á. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní Ítálì, Cosimo Prantera ti rí nǹkan tó jọ ọ́ ní 2002 lára àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ Crohn fún. Ìwúkàrà Saccharomyces boulardii náà ò mú ohun gidi jáde fún Crohn nínú ìwádìí ńlá tó jáde ní 2013. Ó dùn mí láti kọ èyí, nítorí mo mọ iye òbí tó ti fi owó sórí ìgò wọ̀nyí.

Kí ló fà á? Ohun kan ni pé àwọn àlejò yìí kì í pẹ́ nínú ìfun. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Weizmann ní Ísírẹ́lì fi kámẹ́rà wọ inú ìfun àwọn ènìyàn tó ń mu probiotic, wọ́n sì rí i pé ìfun àwọn kan gbà wọ́n láàyè, ìfun àwọn mìíràn lé wọn jáde. Ohun kejì ni pé Crohn ń jẹ ìfun wọlé jìnnà, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lójú ògiri lè má dé ibẹ̀. Ohun kẹta, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, ni pé bakitéríà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà kì í ṣe ohun kan náà. E. coli ti Nissle ń mú àrùn sùn. E. coli kan tí wọ́n ń pè ní O157:H7 ń pa ọmọdé. Orúkọ ìran wọn ò yàtọ̀, ẹ̀yà ló yàtọ̀. Kódà ti Nissle náà ní àwọn jíìnì tó ń ṣe colibactin, ohun kan tó lè ba jíìnì sẹ́ẹ̀lì wa jẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kan fi ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì.

Torí náà, bí ẹ bá mú ìgò lọ́wọ́, ẹ má dúró sórí Lactobacillus. Ẹ wo lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tó tẹ̀lé e. GG dúró fún Gorbach àti Goldin, àwọn tó yà á sọ́tọ̀. Plantarum tó ní 299v lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yà kan pàtó ni, kì í ṣe ti inú ìkòkò màmá yín. Láti 2020 ni àwọn onímọ̀ sì ti pín Lactobacillus sí ìran púpọ̀, nítorí náà Lactiplantibacillus plantarum tí ẹ lè rí lára ìgò tuntun, plantarum àtijọ́ náà ni. Èyí tí kò kọ ẹ̀yà rẹ̀ sí ara, kò sí ìwádìí tí ẹ lè fi wé e. Òfin Amẹ́ríkà ti 1994 lórí àfikún oúnjẹ kò sì béèrè pé kí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, fọwọ́ sí ìgò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tà á.

Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà inú ní Amẹ́ríkà, AGA, kó gbogbo ìwádìí jọ, wọ́n sì sọ̀rọ̀ láìfi bò. Fún Crohn àti fún ulcerative colitis, kí àwọn aláìsàn má lo probiotic àyàfi nínú ìwádìí tó ní àbójútó. Fún àpò ìfun tó ń wú, wọ́n ní a lè lo àpapọ̀ ẹ̀yà mẹ́jọ yẹn. Ní 2021, SER-287, tí ilé iṣẹ́ Seres fi bakitéríà inú ìgbẹ́ ṣe fún ulcerative colitis, kùnà nínú ìwádìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fojú sọ́nà fún.

Èsì tí mo ní fún màmá náà rèé. Màmá, ẹ̀kọ gbígbóná tí ẹ ṣe fún un dára, kó máa mu ún, ṣùgbọ́n iná ti pa bakitéríà inú rẹ̀. Omi ògì tútù ni bakitéríà rẹ̀ wà láàyè, òun gan-an ló sì yẹ kí a bẹ̀rù fún ọmọ yín. Infliximab, tí FDA fọwọ́ sí fún Crohn ní 1998, adalimumab, azathioprine, prednisolone, gbogbo wọn ń fa ọwọ́ ètò ààbò ara sẹ́yìn. Ẹni tó bá wà lórí wọn, omi tí kò mọ́, ike tí kò mọ́, lè gbé kòkòrò tí ara rẹ̀ kò ní lè bá jà wọlé. Bakitéríà rere pàápàá lè ṣìnà. Ní 2023, FDA kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ọmọ kan tí wọ́n bí ṣáájú àkókò, tí wọ́n fún ní probiotic, kú nítorí pé bakitéríà náà wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Bó bá sì ti ń mu omi ògì tàbí àgbo, ẹ jẹ́ kó sọ fún dókítà láìtijú, kí dókítà mọ ohun tó ń bá oògùn rẹ̀ pàdé nínú ara.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ bakitéríà ògì parí síbi ìkìlọ̀. Ìwádìí tí mo fẹ́ rí wà. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti inú ògì ní Ìbàdàn àti ní Yaba, kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti nọ́ńbà tirẹ̀, kí wọ́n ka jíìnì rẹ̀, kí wọ́n rí i pé kò gbé ohun tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ tàbí ohun tí kò ní jẹ́ kí oògùn apakòkòrò ràn án. Kí wọ́n gbé èyí tó bá yege lọ sí irú yàrá tí Jones àti Neish lò, kí wọ́n wò ó lára kantíkantí, kí wọ́n wò ó lára eku tí ìfun rẹ̀ ti dá egbò. Bí ó bá là á kọjá, kí wọ́n pe àwọn tó ní ulcerative colitis tó ti sùn, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Atlanta, kí wọ́n má gba oògùn tí wọ́n ti ń lò lọ́wọ́ wọn. Kí ìdajì wọn máa mu ife tó ní bakitéríà náà, tí a ti ka iye rẹ̀. Kí ìdajì máa mu ife tó kan bákan náà, tí kò sí ohun abẹ̀mí nínú rẹ̀. Kí aláìsàn má mọ èyí tí òun ń mu, kí dókítà náà má mọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú gbogbo wọn, kí wọ́n sì ka iye ẹni tí àrùn náà jí lára wọn ní apá kọ̀ọ̀kan.